Wáyà Iná Inú Ilé àti Orúkọ Tí À Ń Pè É

  

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn mìíràn nínú yín lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ wáyà iná inú ilé ni ẹni tí ó ń fi ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá jẹun ní yunifásítì wá sọ níwájú yín. Ẹ lè máa bi ara yín pé, kí ni ó pa àmì ohùn àti iná mànàmáná pọ̀? Òótọ́ ni pé n kì í ṣe oníṣẹ́ iná, n kò sì ní pe ara mi ní ohun tí n kò jẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ níṣojú mi nínú ilé bàbá mi, tí ó kọ́ mi pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a sọ láìtúmọ̀ rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó. Ní ọjọ́ náà, ẹyin balẹ̀ lójú mi. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ èdè gẹ́gẹ́ bí ó ti kan oníṣẹ́ iná, ó sì kan gbogbo ẹni tí ó bá ń gbé inú ilé tí iná wà.

Kí n tó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ilé tí ó ti ṣẹlẹ̀, nítorí ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òṣogbo ni ilé náà wà. Ọdún 1974 ni bàbá mi kọ́ ọ, ìyẹn ọdún méjì lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ da ilé-iṣẹ́ iná méjì pọ̀, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní NEPA. Ní àkókò náà, ohun tí ìdílé kan ń fi iná ṣe kò pọ̀: gílóòbù kan nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, rédíò kan ní pálọ̀, fáànù kan tí a máa ń gbé síwájú àlejò, àti áyọ́ọ̀nù tí a ń fi lọ aṣọ ní alẹ́ Sátidé. Ìwọ̀nba nǹkan wọ̀nyí ni ó wà lọ́kàn oníṣẹ́ tí ó fa wáyà sí ilé náà, ìwọ̀nba náà ni ó sì ra wáyà rẹ̀ mọ.

Ṣùgbọ́n ilé a máa dàgbà bí ọmọ ti ń dàgbà. Fíríìjì dé, tẹlifíṣọ̀n dé, ẹ̀rọ tí ń fa omi láti inú kànga dé, kẹ́tùlù oníná àti ẹ̀rọ amúlétutù náà sì tẹ̀lé e. Kò sí ẹni tí ó bi wáyà ọdún 1974 bóyá ó lè rù wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò díẹ̀ wò ó. Iná tí ó yẹ kí ó máa wọ ilé wa jẹ́ fóltì 230 sí 240. Gílóòbù oní-wáàtì 60 kì í fà ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ámpíà kan lọ. Kẹ́tùlù oní-wáàtì 2,000 yóò fa ohun tí ó lé ní ámpíà mẹ́jọ. Èyí ni pé kẹ́tùlù kan ṣoṣo ń jẹ iná tí gílóòbù 33 lè jẹ. Èyí tí ó tún burú jù ni pé ooru inú wáyà kì í pọ̀ sí i ní ọgbọọgba pẹ̀lú ohun tí ń ṣàn nínú rẹ̀. Bí ìṣàn iná bá di ìlọ́po méjì, ooru yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ìṣàn bá di ìlọ́po mẹ́ta, ooru yóò di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Wáyà tí a ṣe fún ẹrù ọmọdé, tí a wá di ẹrù àgbà lé lórí, inú ògiri ni yóò ti máa jóná díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tí ó rí i.

Olùṣọ́ kan wà tí ó yẹ kí ó pariwo. Fíúsì ni olùṣọ́ náà. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi sínú rẹ̀, kí ó lè yọ́ kí èyí tí ó wà nínú ògiri tó gbóná ju bí ó ti yẹ lọ. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí; fíúsì ni ilé fi ń ṣọ́ wáyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni a ti ń ṣe sí olùṣọ́ yìí? Bí ó bá já lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan, inú a máa bí wa sí i. Mo jẹ́wọ́ níwájú yín pé nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, èmi gan-an ni mo bó wáyà tí ó nípọn, tí mo ká a sínú fíúsì alátánganran ilé wa, nítorí eré bọ́ọ̀lù kan tí mo fẹ́ wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Bàbá mi yìn mí ní ọjọ́ náà. Fíúsì náà kò já mọ́ láé. N kò mọ̀ pé olùṣọ́ ni mo pa.

Lẹ́yìn tí bàbá mi ti fi ilẹ̀ bora, ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀. Bí a bá ki áyọ́ọ̀nù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, gílóòbù yóò wálẹ̀, yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Súwíìsì yàrá ìyá mi máa ń gbóná bí ẹni pé a yá a níná. Àmì rẹ́súrẹ́sú hàn lára ògiri yí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ká, a sì máa ń gbóòórùn rọ́bà tí ó ń jó, ṣùgbọ́n a kì í rí ibi tí ó ti ń jó. Ẹ̀yin òǹwòran, bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí nínú ilé yín, ẹ má ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọdún 2021, a pe ọ̀gá oníṣẹ́ iná kan, bàbá tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, tí ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó gun òkè àjà lọ, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì la ọwọ́ rẹ̀ hàn mí. Rọ́bà ara wáyà ni ó wà níbẹ̀. Ooru páànù òkè àti ooru iná inú wáyà ti jẹ ẹ́. Ó gan, ó sì ń rún bí àkàrà tí ó ti pẹ́ nínú òòrùn.

"Dókítà," ni bàbá náà wí, "ẹ má jẹ̀ẹ́ kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ jẹ́ kí a fa gbogbo rẹ̀ yọ, kí a fa tuntun."

Mo gbà fún un. Ní ọjọ́ kejì, ó dé pẹ̀lú ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún.

Níhìn-ín, ó yẹ kí n ṣàlàyé bí iná ti wọ ilé náà. Wáyà mẹ́rin ni ó ti orí òpó wá. Mẹ́ta ń gbé iná bọ̀, ìyẹn àwọn tí à ń pè ní féèsì. Ẹ̀kẹrin ń dá iná náà padà, òun ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní níútírà. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí à ń ṣe nílùú wa: bí iná bá lọ lórí féèsì kan, a ó yọ fíúsì, a ó sì gbé e lọ sí èyí tí iná ṣì wà lórí rẹ̀. Orí féèsì àkọ́kọ́ ni àwọn yàrá wà ní ọjọ́ náà. Ọ̀gá yọ fíúsì féèsì yẹn, gílóòbù kú, fáànù dúró, ọkàn gbogbo wa sì balẹ̀. Ohun tí kò sí ẹni tí ó rántí ni pé ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, nígbà tí a ra ẹ̀rọ tí ń fa omi, oníṣẹ́ mìíràn ti fa wáyà kan láti ara féèsì kẹta, ó sì gba inú àjà kan náà kọjá.

Ọ̀gá wà nísàlẹ̀ nídìí àpótí fíúsì. Ọmọ náà wà lórí àkàbà, orí àti èjìká rẹ̀ wà nínú àjà. Ó pè sísàlẹ̀ pé:

"Ọ̀gá, wáyà mẹ́ta ni mo rí níbí o. Èwo ni kí n kọ́kọ́ gé?"

"Gé dúdú. Dúdú kò níná."

"Ó dáa, sà."

Bí ó ti gé e tán, orí wáyà náà fò, ó sì kan apá rẹ̀. Apá kejì rẹ̀ wà lára páìpù irin tí ń gbé omi lọ sí táǹkì. Igbe tí ọmọ náà ké kò tíì kúrò létí mi. Ó gbọ̀n rìrì lórí àkàbà, ó sì jábọ́ sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Egungun ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́, iná sì jó o lápá. Síbẹ̀, ìjábọ́ yẹn ni ó yọ ọ́, nítorí òun ni ó já a gbà lọ́wọ́ wáyà náà. Bí ó bá jẹ́ pé ó ráyè dì mọ́ páìpù náà ni, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ǹ bá wá sọ fún yín lónìí.

Ọ̀gá ká ọwọ́ lérí. "Dúdú ni mo wí! Mo ní dúdú!"

Ọmọ náà dáhùn láti orí ilẹ̀ tí ó wà, pé: "Ọ̀gá, dúdú náà ni mo gé."

Nígbà tí a ti gbé e dé ilé ìwòsàn, tí oníṣègùn sì ti fi wá lọ́kàn balẹ̀, èmi àti bàbá náà padà wá, a yọ gbogbo fíúsì, a sì gbé tọ́ọ̀ṣì wò ó. Àwọ̀ wáyà náà kì í ṣe èyí tí Òyìnbó ń pè ní dúdú. Àwọ̀ aró ni, aró tí ó rẹ dáadáa, tí eruku ọgbọ̀n ọdún sì bò. Bí a bá na aṣọ tí ó ní irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ síwájú ìyá mi, dúdú ni yóò pè é. Bàbá náà sọ òótọ́, ọmọ náà kò sì purọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n jọ lò, wáyà méjì ni wọ́n fi pè.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibí yìí ni iṣẹ́ tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Nínú èdè Yorùbá, àwọ̀ mẹ́ta ni ó ní orúkọ ìpilẹ̀ṣẹ̀: funfun, pupa àti dúdú. Pupa gba ẹ̀jẹ̀ mọ́ra, ó gba epo mọ́ra, ó gba ilẹ̀ amọ̀ àti ènìyàn tí awọ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́ra. Dúdú gba èédú, ó gba aró, ó sì gba ewé tí ó tutù yọ̀yọ̀. Kì í ṣe pé ojú wa kò rí ìyàtọ̀. Bí a bá fẹ́ fi ìyàtọ̀ hàn, a ó ní àwọ̀ aró, àwọ̀ ewé, àwọ̀ eérú, àwọ̀ ìyeyè, pupa fòò, pupa rẹ́súrẹ́sú. Kì í sì ṣe àbùkù fún èdè wa, nítorí àwọn Òyìnbó pàápàá ń pe irú wáìnì kan ní funfun, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá wò ó mọ̀ pé kò funfun. Ibi tí à ń lò ó ni ó ń fún ọ̀rọ̀ ní ìtumọ̀. Nínú ọjà aláṣọ, bí a bá ṣi "dúdú" gbọ́, owó nìkan ni yóò bá a lọ. Nínú àjà, ẹ̀mí lè bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo èdè tí àwọn wáyà fúnra wọn ń sọ, nítorí èdè ni àwọ̀ ara wọn jẹ́. Lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a ti kọ́ bí a ti ń fa wáyà sílé. Ní àtijọ́, nínú ilé tí ń lo féèsì kan, pupa fòò ni wáyà tí ń gbé iná bọ̀, dúdú bí èédú ni èyí tí ń dá a padà, àwọ̀ ewé ni èyí tí ó lọ sínú ilẹ̀. Nínú ilé onífééèsì mẹ́ta, pupa, ìyeyè àti aró ni ó ń gbé iná bọ̀, dúdú bí èédú sì ń dá a padà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2004, àwọn Gẹ̀ẹ́sì yí àwọ̀ wáyà inú ògiri padà kí ó lè bá ti àwọn ará Yúróòpù yòókù mu. Láti oṣù kẹrin ọdún 2006, àwọ̀ tuntun nìkan ni wọ́n gbà fún iṣẹ́ tuntun lọ́dọ̀ wọn. Pupa rẹ́súrẹ́sú di èyí tí ń gbé iná bọ̀, aró di èyí tí ń dá a padà, àwọ̀ ewé tí ó ní ìlà ìyeyè lára sì ni ti ilẹ̀. Nínú onífééèsì mẹ́ta, pupa rẹ́súrẹ́sú, dúdú bí èédú àti àwọ̀ eérú ni ó ń gbé iná bọ̀ báyìí.

Ẹ fetí sí mi dáadáa. Nínú ilé onífééèsì mẹ́ta, dúdú bí èédú, tí ó ń dá iná padà tẹ́lẹ̀, ti lè di èyí tí ń gbé iná bọ̀. Aró, tí ó ń gbé iná bọ̀ tẹ́lẹ̀, ti di èyí tí ń dá a padà. Àwọn méjèèjì fi iṣẹ́ ṣe pàṣípààrọ̀. Dúdú sì ni ẹnu wa ń pe àwọn méjèèjì! Wáyà oríṣi méjèèjì ni ó kún inú ilé wa, ti àtijọ́ nínú ilé bàbá, ti tuntun nínú yàrá tí ọmọ kọ́ mọ́ ọn. Ilé kan, ẹ̀ka-èdè méjì.

Nígbà tí mo lọ wo ọmọ náà ní ilé ìwòsàn, ó ní, "Sà, ilé tuntun ni mo ti kọ́ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kí n tó wá sọ́dọ̀ ọ̀gá. Búlúù ni èyí tí kò níná níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá ní dúdú, mo rò pé búlúù yẹn náà ni wọ́n ń wí." Ẹ ò rí i pé ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ tọ̀nà. Ilé tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ó lò ó sí.

Mo tún ronú kan ọ̀gá fúnra rẹ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ó ti ń sọ fún àwọn ọmọ-iṣẹ́ pé "pupa níná, dúdú kò níná", kò sì sí ohun tí ó ṣe wọ́n. Kí ló dé? Nítorí nínú ilé onífééèsì kan, èdè wa bò ó láṣìírí. Pupa fòò àti pupa rẹ́súrẹ́sú, pupa ni wọ́n; èédú àti aró, dúdú ni wọ́n. Gbólóhùn rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu, ó sì bá ti tuntun mu. Inú ilé onífééèsì mẹ́ta ni ó ti já a kulẹ̀. Kí ni kí a tún wí nípa wáyà ilẹ̀, tí ewé ara rẹ̀ lè jẹ́ dúdú lẹ́nu ẹnì kan, tí ìyeyè ara rẹ̀ sì lè jẹ́ pupa lẹ́nu ẹlòmíràn?

Ẹnì kan lè wí pé, bí ọ̀rọ̀ bá tilẹ̀ ṣìnà, ṣebí fíúsì wà? Rárá o. Wáyà ni fíúsì ń dáàbò bò, kì í ṣe ènìyàn. Fíúsì inú púlọ́ọ̀gì lè jẹ́ ti ámpíà 13. Ìṣàn tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ámpíà kan sì lè dá ọkàn ènìyàn dúró. Kí fíúsì tó mọ̀ pé nǹkan ṣe, ẹni náà ti lọ. Ohun tí ń ṣọ́ ènìyàn ni ẹ̀rọ kékeré kan tí ó ń wo iye iná tí ó lọ àti iye tí ó padà. Bí èyí tí ó padà bá fi ìdá ọgbọ̀n nínú ẹgbẹ̀rún ámpíà kan dín sí èyí tí ó lọ, ẹ̀rọ náà mọ̀ pé iná ti gba ibòmíràn kọjá, bóyá ara ènìyàn, yóò sì gé e kí ojú tó ṣẹ́. Ẹni tí ó bá ń tún wáyà ilé rẹ̀ fà, kí ó bèèrè ẹ̀rọ yìí lọ́wọ́ oníṣẹ́, kí ó sì bèèrè wáyà ilẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ọ̀kankan nínú méjèèjì nínú ilé bàbá mi.

Kí wá ni kí a ṣe? Èkínní, kí a má fi àwọ̀ nìkan pe wáyà mọ́. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni kí a fi pè é. Mo dábàá pé kí a pe èyí tí ń gbé iná bọ̀ ní agbénáwá, kí a pe èyí tí ń dá a padà ní adánápadà, kí a sì fi wáyà ilẹ̀ sílẹ̀ bí a ti ń pè é. Ẹni tí a bá sọ fún pé kí ó gé adánápadà ẹ̀rọ omi ni yóò kọ́kọ́ wádìí èwo ni, kí ó tó gbé nǹkan lé e. Kí a má sì tún sọ pé adánápadà "kò níná". Bí ó bá já níbì kan, nígbà tí gílóòbù kan ṣì wà lára rẹ̀, iná tí kò rí ọ̀nà padà yóò dúró sínú rẹ̀, ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án ni yóò sì di ọ̀nà.

Èkejì, àwọ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí a lè gbà gbọ́ láìbi í ní ìbéèrè. Kí oníṣẹ́ yọ fíúsì féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó kó wọn sínú àpò ara rẹ̀. Kí ó rí i pé kò sí jẹnẹrétọ̀ tàbí ìnfátà tí ó lè rán iná wá láti ẹ̀yìn. Kí ó fi tẹ́sítà kan ibi tí ó dá a lójú pé iná wà, bóyá ẹnu wáyà òpó tí ó wọ àpótí fíúsì, kí ó mọ̀ pé tẹ́sítà náà ń ṣiṣẹ́. Kí ó wá fi kan wáyà tí ó fẹ́ gé, kí ó sì tún padà fi kan ibi àkọ́kọ́. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ẹ̀kẹta, bí wáyà àtijọ́ àti tuntun bá pàdé nínú ilé kan, kí a kọ ọ́ sára àpótí fíúsì ní èdè tí àwọn ará ilé gbọ́. Kí a ya àwòrán ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan gbà, kí ó má jẹ́ pé ẹni tí ó ti kú nìkan ni ó mọ̀ ọ́n. Kí onílé sì rí i pé ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún ní ìwé ẹ̀rí. Òfin ti fún àjọ NEMSA ní agbára láti máa yẹ iṣẹ́ iná wò, kí ó sì fún àwọn agbaṣẹ́ṣe iná ní ìwé ẹ̀rí.

Ẹ̀kẹrin kan àwa tí a ń pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé èdè. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀, tí ó fún wa ní ọ̀rọ̀ fún gírámà àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ ribiribi ni, orí rẹ̀ ni èmi gan-an dúró sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà, ojú tì mí. Mo ní ọ̀rọ̀ Yorùbá fún oríṣiríṣi fáwẹ́ẹ̀lì. Ọmọ tí ó wà lórí àkàbà kò ní ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tí ó dájú fún wáyà tí ó lè pa á. Èdè Yorùbá ni ọ̀gá fi ń kọ́ ọ níṣẹ́, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé. Ó yẹ kí a lọ jókòó ti àwọn ọ̀gá oníṣẹ́, kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò, kí a jọ tún un ṣe, kí a sì tẹ̀ ẹ́ síwèé pélébé tí ọmọ-iṣẹ́ lè fi sápò.

Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ sọ iná yìí ní mànàmáná mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Orúkọ ohun tí ń kọ lójú ọ̀run, tí a kì í fọwọ́ kàn, ni wọ́n fún un. Nígbà tí Ben Enwonwu yóò sì ṣe ère sí iwájú olú ilé-iṣẹ́ iná ní Marina, Èkó, ní ọdún 1964, Ṣàngó ni ó gbẹ́. Orúkọ náà ń kìlọ̀, ère náà ń kìlọ̀. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí gbogbo ohun tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá ní: orúkọ tí ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò fi mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣọ́ra fún.

A ti tún wáyà ilé bàbá mi fà láti òkè délẹ̀, àwọ̀ oríṣi kan ṣoṣo ni ó sì wà níbẹ̀ nísinsìnyí. Àwòrán rẹ̀ wà lára ìlẹ̀kùn àpótí fíúsì, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ọmọ náà gba òmìnira ní ọdún 2023. Mo wà níbi ayẹyẹ náà. Ọ̀gá rẹ̀ gbàdúrà fún un, ó gbé apòpó irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, ó sì ní kí ó sọ ohun kan tí ó kọ́ lọ́dọ̀ òun fún àwọn tí wọ́n kù. Ọmọ náà na apá rẹ̀ tí iná jó sókè, ó ní: "Bí ọ̀gá bá ní kí ẹ gé dúdú, ẹ dá ọwọ́ dúró. Ẹ bi wọ́n pé, dúdú wo, kí ni iṣẹ́ rẹ̀?" Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bàbá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó mi orí, ó ní, "Ẹ máa bi mí. N kò ní bínú."

Ìbéèrè náà ni mo fi sílẹ̀ fún yín lálẹ́ yìí, ẹ̀yin onílé, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ àti ẹ̀yin ọmọ-iṣẹ́.  Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa.